Ṣé Ó Yẹ Kí Àsìkò Walleye Lórí Yìnyín Gùn Sí I? Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ Ọ̀rọ̀ Náà Wò fún Adágún Yín

Ní Minnesota, lápá àríwá Amẹ́ríkà, aago méjìlá òru ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kejì ni àsìkò tí òfin gbà kí a pa walleye, ẹja kan tí a ń fi ìwọ̀ mú láti inú ihò lórí yìnyín nígbà òtútù, máa ń parí lórí àwọn adágún inú ìpínlẹ̀ náà. Kì í ṣí padà títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní oṣù Karùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Àbámẹ́ta ìsinmi Memorial Day. Ní 2026, ọjọ́ méjèèjì bọ́ sí 22 oṣù Kejì àti 9 oṣù Karùn-ún. Lọ́dọọdún ni àríyànjiyàn kan náà máa ń bẹ́ sílẹ̀: yìnyín ṣì nípọn dáadáa lókè àríwá, oòrùn ti ń ràn, ẹja ń jẹun, òfin sì ní kí a ká ìwọ̀ nílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí òpin àsìkò náà sún dé àárín oṣù Kẹta. Àwọn kan ní kí ó wà ní ṣíṣí títí yìnyín yóò fi yọ́. Àwọn mìíràn ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án rárá.

Ìpínlẹ̀ tí adágún rẹ̀ lé ní 10,000 kò lè ní ìdáhùn kan ṣoṣo sí ìbéèrè yìí. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí a mú adágún lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a ṣírò, kí a sì mọ èyí tó lè gba àfikún àti èyí tí àfikún yóò ba jẹ́. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Brooklyn Park tàbí St. Paul, tó sì ti ra láísẹ́ǹsì, ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ yìí bíi ti onílé. Ẹni tó wà ní Winnipeg, níbi tí wọ́n ti ń pe ẹja yìí ní pickerel, lè lo ìṣírò tó wà níhìn-ín, àmọ́ òfin Manitoba ni kí ó kà, kì í ṣe ti Minnesota.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin sọ lónìí

Inú ìwé òfin ìpínlẹ̀ ni ọjọ́ òpin àsìkò wà, abala 97C.395. Àwọn aṣòfin ló kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọjọ́ náà yí padà káàkiri ìpínlẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. DNR, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹja, igbó àti omi ní Minnesota, ní agbára lábẹ́ abala yìí kan náà láti ti ibi tí ẹja ti ń yé ẹyin pa. Ẹ fi agbára yẹn sọ́kàn, a óò padà lò ó.

Òfin kò lé apẹja kúrò lórí yìnyín ní oṣù Kẹta. Àwọn ẹja mìíràn bíi perch, crappie àti sunfish wà ní ṣíṣí yíká ọdún nínú àwọn adágún inú ìpínlẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀ ṣì ń wọ omi lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí àsìkò walleye bá ti parí, walleye sì ń gbé ìdẹ tí kì í ṣe tirẹ̀ mì. Èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní 10 oṣù Kẹta gbọ́dọ̀ padà sínú omi lójú ẹsẹ̀, ìbáà wà láàyè, ìbáà ti ń kú lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé títi àsìkò pa ń fún walleye ní ìsinmi pátápátá kò tíì ka àwọn wọ̀nyí mọ́ ọn.

Lójú ààlà Kánádà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Walleye wà ní ṣíṣí lórí Lake of the Woods títí di 14 oṣù Kẹrin. Ní Rainy River àti Four Mile Bay, láti 1 oṣù Kẹta títí di 14 oṣù Kẹrin, ẹ lè mú un, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà. Wisconsin máa ń ti adágún inú rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n ó fi Lake Winnebago sílẹ̀ ní ṣíṣí yíká ọdún. North Dakota kì í ti walleye rárá. Àwọn tó ń fẹ́ àfikún máa ń tọ́ka sí North Dakota gidigidi, wọn kì í sì í sọ pé ọ̀pọ̀ omi ibẹ̀ ló jẹ́ pé ẹja tí ìjọba dà sínú rẹ̀ ló gbé e ró.

Ohun méjì kan tún wà tó máa ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà. Láísẹ́ǹsì ọdún kan máa ń kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Kejì. Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì pẹja lórí yìnyín Lake of the Woods ní oṣù Kẹta pẹ̀lú láísẹ́ǹsì ọdún tó kọjá, ti rú òfin. Èkejì ni ilé ìpẹja, ìyẹn ahéré tí a ń gbé sórí yìnyín láti pẹja nínú rẹ̀. Ní apá gúúsù àti àárín ìpínlẹ̀, ilé náà gbọ́dọ̀ kúrò lórí yìnyín kí aago méjìlá òru ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ oṣù Kẹta tó lù. Ní apá àríwá, ọjọ́ Ajé kẹta. Lórí omi ààlà Kánádà, 31 oṣù Kẹta. Lẹ́yìn ọjọ́ wọ̀nyí, ilé lè wà níbẹ̀ lóru kìkì tí ènìyàn bá wà nínú rẹ̀. Àfikún àsìkò tí kò bá mẹ́nu kan ọjọ́ wọ̀nyí yóò kàn kó àwọn apẹja síta nínú òtútù láìní ilé tí wọ́n lè fi sílẹ̀ lórí yìnyín lóru ni.

Ọ̀rọ̀ ẹyin, tí ọ̀pọ̀ ń ṣì sọ

Ẹ la abo walleye kan nínú ní oṣù Kẹta, ẹ ó rí àpò ẹyin méjì tó kún ikùn rẹ̀ láti abẹ́ ẹ̀yìn dé ìdí, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Abo tó wọn pọ́n-ùn márùn-ún lè gbé ẹyin tó lé ní 100,000. Ẹni tó bá rí i yóò sọ pé ìwà ìkà ni kí ènìyàn pa irú ẹja bẹ́ẹ̀ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó yé. Ojú ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin yẹn kò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta. Láti ìgbà ìwọ́wé ló ti ń dàgbà nínú rẹ̀. Abo tí a pa ní oṣù Kejìlá kò ní yé ẹyin ní oṣù Kẹrin, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí a pa ní oṣù Kẹta. Ní ti ẹyin, ikú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tí àríyànjiyàn yín bá dúró lórí pé ẹyin ti kún inú rẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹja tó wà nínú ìpàdé yóò bì í ṣubú láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé: ṣé ó rọrùn láti pa á ní oṣù Kẹta ju oṣù Kìíní lọ? Lórí àwọn adágún kan, ó rọrùn gan-an. Walleye máa ń yé ẹyin nígbà tí omi bá gbóná dé ìwọ̀n 42 sí 50 Fahrenheit, lẹ́yìn tí yìnyín bá ti lọ. Kí ìgbà náà tó dé ni àwọn tó ń yé sínú odò ti máa ń kó ara wọn jọ lábẹ́ yìnyín níwájú ẹnu odò, wọ́n ń dúró de omi yíyọ́, bí èrò ṣe ń kún ẹnu géètì ọjà kan ṣoṣo kí wọ́n tó ṣí i. Ẹja tó fọ́n ká gbogbo adágún ní oṣù Kìíní ti wá dúró sójú kan. Ihò díẹ̀ tí a bá lu síbẹ̀ lè kó ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ihò kò lè kó lọ́jọ́ mìíràn, àwọn abo ńlá ló sì máa ń wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, irú adágún mẹ́ta ni ẹ ní láti yà sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹja rẹ̀ ń gun odò lọ yé. Ibẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù. Èkejì ni èyí tí ẹja rẹ̀ ń yé sí etí omi, lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fọ̀, níbi tí omi kò ti jìn ju ẹsẹ̀ bàtà kan sí mẹ́fà lọ. Àwọn wọ̀nyí kì í kó ara wọn jọ tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ yìnyín, ewu wọn kéré. Ẹ̀kẹta ni adágún tí DNR ń da ọmọ walleye sí nítorí pé ẹja ibẹ̀ kò lè bí sí i tó fúnra wọn. Ẹyin kò sí nínú ọ̀rọ̀ ti ẹ̀kẹta yìí rárá: iye àgbà ẹja tó wà níbẹ̀ àti iye tí a ń kó lọ nìkan ni a ó kà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé walleye kò lè tán. Ní adágún Red Lake, àpajù mú kí walleye ṣubú débi pé wọ́n dá pípa rẹ̀ dúró. Àwọn ará Red Lake tí í ṣe Ojibwe, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Minnesota àti ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn ní 1999, wọ́n da ọmọ ẹja sínú rẹ̀ ní 1999, 2001 àti 2003, ọdún 2006 ni ó sì tó ṣí padà. Odindi ọdún méje ni ìpínlẹ̀ fi ti apá tirẹ̀ pa.

Bí ẹ ṣe lè ṣírò adágún yín

Ẹ lọ sí ojú ewé LakeFinder lórí íntánẹ́ẹ̀tì DNR, ẹ tẹ orúkọ adágún náà. Ọ̀fẹ́ ni. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí iye walleye tí àwọ̀n kọ̀ọ̀kan mú nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí, bí ẹja náà ṣe gùn tó, àti ọdún tí wọ́n da ọmọ ẹja sí i. Ẹ kọ iye tí àwọ̀n mú nínú ìwádìí mẹ́ta tó kẹ́yìn sílẹ̀. Ìwádìí kan ṣoṣo kò tó, nítorí afẹ́fẹ́ àti ìgbóná omi ọjọ́ tí wọ́n ta àwọ̀n lè yí i padà gan-an.

Ẹ wo gígùn ẹja náà dáadáa. Tí gbogbo wọn bá wà láàárín íǹṣì 15 sí 18, tí kò sí kékeré, tí kò sí ńlá, ìran ọdún kan ló gbé adágún yẹn ró, kò sì sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Irú adágún bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba àfikún kankan. Bí ọ̀rọ̀ adágún Mille Lacs ṣe rí nìyẹn: ẹja tí wọ́n yé ní 2013 ni wọ́n fi gbé adágún náà ró fún ọdún púpọ̀. Ní 2016, ẹnikẹ́ni kò lè gbé walleye lọ sílé níbẹ̀ nígbà tí omi ṣí. Ní 2017, wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù Keje ti mímú-àti-dídápadà pàápàá pa, nítorí ẹja tí ń kú lẹ́yìn tí a bá dá a padà sínú omi gbígbóná. Ìran mẹ́ta ó kéré tán ni kí ẹ rí kí ẹ tó lọ sí ìgbésẹ̀ tó kàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọ́fíìsì ẹja DNR ti agbègbè yín, ẹ béèrè fún ìwádìí apẹja ìgbà òtútù, èyí tí òṣìṣẹ́ ti máa ń rìn láti ilé ìpẹja dé ilé ìpẹja, tó ń bi apẹja pé wákàtí mélòó ló ti lò àti ẹja mélòó ló mú. Kì í ṣe gbogbo adágún ló ní in. Tí tiyín kò bá ní, ẹ lo ti adágún tó fara jọ ọ́ jù, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ gbangba nínú ìwé yín.

Ká fi nọ́ńbà ṣàlàyé. Àpẹẹrẹ lásán ni, ẹ fi ti adágún yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ìwádìí sọ pé ní ọ̀sẹ̀ 12 ìgbà òtútù, àwọn apẹja lo wákàtí 9,000, wọ́n mú walleye 1,350, wọ́n sì kó 600 lọ sílé. Ìyẹn jẹ́ ẹja 0.15 ní wákàtí kan. Àwọn tó fẹ́ àfikún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò pín wákàtí náà sí ọ̀nà 12, wọn á fi mẹ́ta sọ ọ́ di púpọ̀, wọn á ní wákàtí 2,250 ni. Àṣìṣe wọn nìyẹn. Tí adágún yín nìkan bá ṣí nígbà tí gbogbo ti àyíká wà ní títì, ọkọ̀ láti ìlú mẹ́wàá ni yóò dé ibẹ̀. Ojúmọ́ oṣù Kẹta tún gùn, òtútù sì ti dínkù. Ẹ má ṣírò rẹ̀ ní ohun tó kéré sí ìlọ́po méjì: wákàtí 4,500. Ẹja 675 ni wọn yóò mú. Tí ìwọ̀n tí wọ́n ń kó lọ kò bá yí padà, 300 yóò lọ sílé, 375 yóò padà sómi.

Kì í ṣe gbogbo 375 yẹn ni yóò yè. Tí márùn-ún bá kú nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 19 nìyẹn. Tí wọ́n bá fà á láti ibi jíjìn, tí 20 sì kú nínú ọgọ́rùn-ún, 75 ni. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn pa ẹja 319 sí 375, nígbà tó jẹ́ pé 600 ni gbogbo ìgbà òtútù kó lọ tẹ́lẹ̀. Ìdajì ti wọlé, ó sì lé.

Ẹ wá ṣe ìṣírò kan náà fún òfin tó ní kí a dá gbogbo rẹ̀ padà. Níbi tí omi kò ti jìn, márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lára 675 jẹ́ 34. Níbi tó ti jìn, 20 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 135. Ẹ wo nọ́ńbà tó kẹ́yìn yẹn dáadáa: mú-un-dá-a-padà lórí omi jíjìn pa ẹja tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì 300 tí àwọn tó gbé ẹja lọ sílé ìbá kó, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó jẹ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi ń gbà pé dídá ẹja padà nìkan ti tó láti mú kí àfikún di aláìléwu.

Lórí Mille Lacs, ìṣírò kan tún wà lókè ìyẹn. Àdéhùn 1837, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1999, fún àwọn ẹ̀yà Ojibwe ní ẹ̀tọ́ tiwọn láti pẹja níbẹ̀. Wọ́n ń pín iye walleye tí a lè pa lọ́dún pẹ̀lú ìpínlẹ̀. Ohunkóhun tí a bá pa nínú àfikún oṣù Kẹta, inú ìpín ìpínlẹ̀ ni yóò ti jáde, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò sì san gbèsè rẹ̀.

Yìnyín oṣù Kẹta kì í ṣe yìnyín oṣù Kìíní

Ìwọ̀n tí DNR fi sílẹ̀ fún yìnyín tuntun tó mọ́ gaara ni íǹṣì mẹ́rin fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, márùn-ún sí méje fún snowmobile (alùpùpù orí òjò dídì), 9 sí 10 fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré, 13 fún ọkọ̀ akẹ́rù oníwọ̀n àárín, àti 20 ó kéré tán fún ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ń fa ilé ìpẹja. Tí yìnyín bá funfun, ẹ sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 150, kí ẹ má ṣe jẹ́ kó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní òpin oṣù Kẹta, nọ́ńbà yìí kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé. Oòrùn a máa wọ inú yìnyín, á máa yọ́ ààlà tó wà láàárín àwọn kírísítà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, yìnyín á sì di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ohun tó so wọ́n pọ̀ kò tó nǹkan. Íǹṣì 18 lè wà níbẹ̀ kí ó má sì gbé ènìyàn kan. Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀: ẹ mú ọ̀pá irin ẹlẹ́nu mímú, ẹ fi gún yìnyín níwájú yín. Yìnyín tó dára a máa dún gan-an, á máa fò ní èérún kéékèèké. Èyí tó ti bàjẹ́ a máa dún bọ́bọ́, irin á wọ inú rẹ̀, omi á yọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ bá sì fi ọwọ́ bu ẹyọ kan, á tú sí ọ̀pá gígùn bí ìka ọwọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ yín. Ẹ yí padà níbẹ̀, kí ẹ tẹ ipasẹ̀ tí ẹ gbà wá.

Etí omi ló máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí ilẹ̀ àti òkúta ń gba ooru. Ẹni tó gun yìnyín ní aago méje àárọ̀, nígbà tí òtútù òru ti dì í, lè padà dé ní aago mẹ́ta ọ̀sán kó rí omi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá láàárín òun àti ilẹ̀. Ẹ yẹ etí omi wò nígbà lílọ, ẹ tún un wò ní ọ̀sán gangan, kí ẹ sì kúrò kó tó gbóná jù. Ẹnu odò, abẹ́ afárá àti ibi tí omi ti ń ṣàn kò ṣeé gùn rárá ní oṣù Kẹta, ibẹ̀ gan-an sì ni walleye wà. Ewu ẹja àti ewu ènìyàn pàdé sójú kan níbẹ̀, èyí sì tó ìdí láti ti ibẹ̀ pa.

Ẹ wọ aṣọ tó ń léfòó, ẹ fi ìṣó ìgùnyìnyín méjì kọ́ ọrùn, kí okùn tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 50 wà lọ́wọ́ ẹnìkejì yín. Tí ẹ bá já sómi, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni èémí yín yóò máa já. Ẹ jẹ́ kí ó rọlẹ̀. Ẹ ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi lè ṣiṣẹ́. Ẹ kọjú sí ibi tí ẹ ti wá, torí yìnyín ibẹ̀ ló gbé yín tẹ́lẹ̀, ẹ gún ìṣó mọ́ ọn, ẹ máa fi ẹsẹ̀ tapá bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́, kí ẹ sì yí gbiri lọ lórí ikùn. Ẹ má dìde dúró. Yìnyín ìbẹ̀rẹ̀ òtútù pàápàá ní ewu tirẹ̀: ní 29 oṣù Kejìlá 2023, ó lé ní 100 ènìyàn tí yìnyín já gbé lọ ní Upper Red Lake kí àwọn adóòlà tó kó wọn bọ̀ sétí omi.

Ọjọ́ tí yìnyín ń lọ kò dúró sójú kan. Ní Lake Minnetonka, lẹ́bàá Minneapolis, yìnyín lọ ní 13 oṣù Kẹta ní 2024. Ní 2018, 5 oṣù Karùn-ún ni. Ọjọ́ 53 ló wà láàárín méjèèjì. Òfin tó bá ní kí àsìkò gùn títí yìnyín yóò fi yọ́ yóò gba ẹni tó lágídí jùlọ láyè láti dán an wò. Ọjọ́ tí a kọ sílẹ̀ ló dára, kí ó sì jẹ́ èyí tí yìnyín adágún náà kò tíì kùnà rẹ̀ nínú ọdún mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ọ́fíìsì ojú ọjọ́ ìpínlẹ̀ ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí yìnyín lọ lórí ọ̀pọ̀ adágún. Ẹ mú ọdún 20 tó kẹ́yìn.

Bí a ṣe ń dá walleye padà kí ó lè yè

Ẹ má pẹja níbi tó jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 30 tí ẹ bá fẹ́ dá a padà. 25 sàn jù. Àpò afẹ́fẹ́ inú walleye kò ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ lè gbà jáde kíákíá. Bí ẹ ṣe ń fà á sókè ni àpò náà ń wú, tó ń ti ìfun àti inú rẹ̀ sí ẹnu. Tí ojú rẹ̀ bá ti yọ, tí ikùn rẹ̀ le gbagidi, tó ń léfòó lábẹ́ yìnyín lẹ́yìn tí ẹ dá a padà, ó ṣòro kí ó yè. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un. Ẹni tó ń gún un láìmọ bí a ti ń ṣe é máa ń gún ẹ̀dọ̀ tàbí ọkàn rẹ̀.

Ìwọ̀ ẹlẹ́nu kan ni kí ẹ lò, kí ẹ fi ẹ̀mú tẹ eyín kékeré tó wà lẹ́yìn ẹnu ìwọ̀ náà mọ́lẹ̀. Okùn tó lágbára pọ́n-ùn mẹ́fà sí mẹ́jọ yóò jẹ́ kí ẹ tètè fà á jáde kó tó rẹ̀ ẹ́. Òfin gba okùn méjì lórí yìnyín. Èyí tí ẹ dẹ sílẹ̀ pẹ̀lú àsíá tó ń dìde nígbà tí ẹja bá gbé ìdẹ gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 200 sí yín, àmọ́ ẹ jókòó súnmọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí walleye tó bá ti ní ìṣẹ́jú kan lẹ́nu ìdẹ yóò gbé ìwọ̀ mì dé ikùn. Tí ó bá ti gbé e mì, ẹ má fa á. Ẹ gé okùn náà súnmọ́ ẹnu rẹ̀.

Nígbà tó bá yọ orí sínú ihò, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ gbígbẹ, ẹ fi ọwọ́ tútù di ẹ̀yìn orí rẹ̀ mú nínú omi, ẹ fi ẹ̀mú ẹnu gígùn yí ìwọ̀ náà padà sí ọ̀nà tó gbà wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ. Ẹ má tẹ́ ẹ sórí òjò dídì. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù ju yìnyín lọ, ojú rẹ̀ àti ibi tó fi ń mí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dì kíákíá, ohun tó sì dì níbẹ̀ kì í san. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, ẹ di èémí yín mú. Nígbà tí èémí bá ń tán yín, ó ti ń tán òun náà.

Irú àfikún tí a rò pé ó ṣeé gbà

A kò fara mọ́ àfikún káàkiri ìpínlẹ̀. Lápá gúúsù, yìnyín kò ní jẹ́ kí ó ní láárí. Lórí adágún kéékèèké tó ní odò kan ṣoṣo, ẹja ni yóò san án. A fara mọ́ ọn lórí adágún ńlá àríwá tí ìran ẹja mẹ́ta wà nínú rẹ̀, tí yìnyín rẹ̀ ń pẹ́ dé oṣù Kẹrin, tí ibi tí ẹja ń gbé kò sì jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 30. Kí ó má kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí DNR lo agbára rẹ̀ láti ti ẹnu odò kọ̀ọ̀kan pa láti ọjọ́ àkọ́kọ́ àfikún. Ìdajì máìlì yí i ká ni a ń dámọ̀ràn. Kí iye tí ènìyàn lè gbé lọ dínkù sí ẹyọ méjì, kí èyí tó bá ju íǹṣì 20 lọ padà sómi, nítorí àwọn abo ló pọ̀ jù nínú irú wọn. Kí wọ́n ṣí adágún tó pọ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo èrò má bàa rọ́ sí ẹyọ kan.

Kí ó jẹ́ ìdánwò ìgbà òtútù mẹ́ta, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó ń ka apẹja lórí yìnyín lọ́dọọdún. Kí wọ́n kọ ohun tí yóò dá a dúró sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀: tí iye tí àwọ̀n mú bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta dínkù sí ìpíndọ́gba ọdún tó ṣáájú, ó parí. Tí ẹ kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, kò sẹ́ni tí yóò gbà láti dá a dúró lẹ́yìn.

Bí ẹ ṣe máa gbé e lọ

Ẹ kọ̀wé sí aṣojú yín méjèèjì, ti ilé aṣòfin kékeré àti ti àgbà, kí ìjókòó ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kìíní ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ aláìṣéépín sí méjì, oṣù Kejì ló sì sábà máa ń jẹ́ ní ọdún kejì. Ojú ewé méjì tó. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni kí ìṣírò yín wà, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n ṣe ìwádìí kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé kejì ni máàpù adágún náà, kí ẹ fi báírò pupa yí ẹnu odò ká, kí ẹ kọ ìjìnlẹ̀ omi sí ibi tí àwọn apẹja ti máa ń jókòó. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹja agbègbè yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nítorí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ aṣòfin yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá nọ́ńbà yín tọ̀nà, ó sì dára kí ó ti bá yín tún èyí tó wọ́ ṣe kí ọjọ́ náà tó dé.